Nídìí Ẹ̀rọ Adarí Téèpù, Láàárín Jẹ́dà àti Mẹ́kà

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹni tí yóò lọ sí Mẹ́kà láti ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ dágbére fún ará ilé bí ẹni tí ó lè má fojú kàn wọ́n mọ́, tí yóò fi ẹsẹ̀ gba ilẹ̀ Haúsá àti Bọ̀rnú kọjá, tí yóò la ilẹ̀ Sudan já, tí yóò máa ṣiṣẹ́ jẹun lójú ọ̀nà títí yóò fi dé etí Òkun Pupa, níbi tí ọkọ̀ ojú omi yóò ti gbé e sọdá sí Jẹ́dà, ọ̀rọ̀ ẹnu onítọ̀hún nìkan ni ẹ̀rí tí àwọn tí ó fi sílẹ̀ nílé ní nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí ó bá ṣe oríire tí ó padà dé, yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sọ ti aṣọ dúdú tí ó bo Kaaba, yóò sọ ti omi Zamzam, yóò sọ ti pápá Àráfà àti ti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tí ó wọ aṣọ funfun, tí ọba kò yàtọ̀ sí ìwọ̀fà láàárín wọn. Àwọn ọmọdé yóò la ẹnu sílẹ̀, àwọn àgbà yóò máa mi orí. Síbẹ̀, àwọn baba wa kan náà ni wọ́n sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ó gbé àfojúbà náà wọ inú ilé wá. Ní ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó àwọn arìnrìn-àjò Hájì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni WNTV, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1965 ni ti Saudi Arabia náà bẹ̀rẹ̀ ní Riyadh àti ní Jẹ́dà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó wá di pé ìyá àgbà tí kò kúrò ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìwó rí lè jókòó sórí àga ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí, kí ó sì ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Inú wa dùn sí èyí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kámẹ́rà nìkan ni a ń kí. A kò rántí pé láàárín kámẹ́rà tí ó wà ní Àráfà àti ojú ìyá àgbà náà, yàrá kan wà tí ó tutù, tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, tí ènìyàn kan jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń darí téèpù, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́dítì kọntirólà. Kì í ya àwòrán, kì í gba ohùn, kì í sì í fọ́n nǹkan sáfẹ́fẹ́. Àṣẹ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀: òun ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ kan pé kí ó dúró, tí ó ń sọ fún èkejì pé kí ó gbéra, tí ó sì ń pinnu àwòrán tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e. Èrò ọkàn mi ni pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rọ yìí ṣe kárí ayé, kò sí èyí tí ó gba ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó iṣẹ́ àwòrán Hájì, nítorí pé Hájì fúnra rẹ̀ jẹ́ ìjọsìn tí ètò wà nínú rẹ̀, tí ohun tí ó kọ́kọ́ wá kì í gba ipò ohun tí ó kẹ́yìn, ẹni tí ó bá sì jókòó nídìí ẹ̀rọ tí ń to àwòrán, àmáánà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́dà ni ẹnu ọ̀nà Mẹ́kà, ìyàwó Òkun Pupa gẹ́gẹ́ bí àwọn Lárúbáwá ti ń kì í, èbúté tí Kálífà Uthman yàn ní ọdún 647 pé kí àwọn tí ń bọ̀ wá sí ilé Ọlọ́run máa gúnlẹ̀ sí. Mẹ́kà wà ní nǹkan bí kìlómítà 80 sí i, láàárín àwọn òkè olókùúta, ìlú Ànábì, ìlú tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Òfin yìí ní ohun tí ó ṣe sí iṣẹ́ amóhùnmáwòrán. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n bá Saudi Arabia gbé ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán wọn ró, ilé iṣẹ́ NBC ti ilẹ̀ wọn sì wà lára àwọn tí ó bójú tó o ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà tí kì í ṣe Mùsùlùmí, bí ó ti wù kí ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ tó, ìdènà ojú ọ̀nà ni yóò ti padà. Mùsùlùmí ni ó gbọ́dọ̀ gbé kámẹ́rà wọ Mẹ́kà, Mùsùlùmí ni ó gbọ́dọ̀ gbé téèpù jáde. Jẹ́dà, ìlú ọjà àti ìlú àlejò, ni gbogbo ènìyàn ti lè bá ara wọn pàdé, tí akọ̀ròyìn tí kò rí ọ̀nà wọ Mẹ́kà ti lè jókòó de téèpù tí ẹlòmíràn gbà fún un. Kìlómítà 80 yẹn gan-an ni ó sọ títo téèpù di ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé: ẹni tí ó jókòó sí Jẹ́dà lè má tíì rí ohun tí ó ń tò rí, ohun tí téèpù bá sọ fún un nìkan ni ó mọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀rọ adarí tó dé kò gùn. Ní ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà mú ẹ̀rọ tí ó gba àwòrán sórí téèpù, tí ó sì wúlò fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, jáde. Téèpù náà fẹ̀ ní íǹṣì 2. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, abẹ ni yóò mú: yóò fi omi tí a pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú irin ra téèpù lójú kí àmì tí ojú lásán kò lè rí lè hàn, yóò fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, yóò gé e ní ibi tí àwòrán kan ti parí tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀, yóò sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ó bá ṣì í gé ní ìwọ̀n fọ́ńrán irun, àwòrán yóò fò lójú ẹni tí ń wò ó. Ní ọdún 1963 Ampex gbé Editec jáde, tí ó fi ohùn àmì sórí téèpù láti sọ ibi tí gbígbà yóò ti bẹ̀rẹ̀; ní 1967 ilé iṣẹ́ EECO ní California bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀; ní 1971 CBS àti Memorex dá CMX sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó fi kọ̀ǹpútà darí títo àwòrán. Ní ọdún 1971 yẹn kan náà ni Sony tú U-matic sílẹ̀ sọ́jà, kásẹ́ẹ̀tì tí téèpù inú rẹ̀ kò fẹ̀ tó íǹṣì kan, tí ènìyàn kan lè fi abẹ́ apá gbé. U-matic ni ó mú iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan, tí ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ara balẹ̀ wo RM-440 ti Sony, èyí tí ó gbilẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè. Orí tábìlì ni ó ń jókòó sí. Okùn kan jáde lára rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ tí ń ka téèpù tí a gbà láti ìta, okùn kejì lọ sí ẹ̀rọ tí ń gba ohun tí a yàn sílẹ̀. Àwo roboto kan wà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí a ń fi ìka yí: bí a bá yí i díẹ̀, téèpù yóò máa yọ́ rìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí a bá yí i púpọ̀, yóò sáré, bí a bá yí i sódì, yóò padà sẹ́yìn. Ẹ́dítọ̀ yóò fi àwo yìí wá ibi tí ó fẹ́, yóò fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, yóò kọ́kọ́ dán an wò láìgba nǹkan kan sílẹ̀, bí ó bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tẹ bọ́tìnnì àṣẹ.

Nígbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ méjèèjì kò ní gbéra láti ojú àmì. Wọn yóò kọ́kọ́ padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5, wọn yóò dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò jọ gbéra. Àgbò tí ó fi ẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá. Irin tí ń fa téèpù kò lè ti ìdúró bọ́ sínú eré tí ó pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ rí àyè mú ìyára rẹ̀ dọ́gba, ẹ̀rọ adarí yóò sì máa sún ọ̀kan síwájú, yóò máa dá èkejì dúró díẹ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi jọ dé ojú àmì. Ìdí nìyí tí ẹ́dítọ̀ fi máa ń bẹ ayàwòrán pé kí ó jẹ́ kí téèpù rìn kí ohun tí ó fẹ́ yà tó bẹ̀rẹ̀. Ayàwòrán tí ó bá dúró ní Àráfà títí oòrùn fi wọ̀, tí ó wá tan kámẹ́rà ní ìṣẹ́jú gan-an tí èrò dìde tí wọ́n ń lọ sí Muzdalifah, ó ti ya àwòrán tí ó dára lójú ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ adarí kò lè mú láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ilẹ̀ tí yóò padà sẹ́yìn sí. Ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni Àráfà nínú ọdún.

RM-440 kò mọ àwòrán ní orúkọ. Kíkà ni ó ń kà: ó ń ka àmì iná tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ téèpù, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, bí a bá sì yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde tí a tún dá a padà, ó di dandan láti tún ìkà náà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí erùpẹ̀ bá wà lójú téèpù tí àmì díẹ̀ fò, ìkà náà yóò ṣì, ibi tí a sì fi àmì sí yóò fi ẹyọ àwòrán kan tàbí méjì yẹ̀. Fún ìròyìn ojoojúmọ́, èyí kò ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tí ó jù ú lọ, àwọn BVE ti Sony àti àwọn ti CMX, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní time code ni wọ́n ń lò, èmi sì gbà pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí ni nọ́ńbà yẹn.

Ní ilẹ̀ Saudi àti ní Nàìjíríà bákan náà, ẹyọ àwòrán 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó jẹ́ 90,000 ní wákàtí kan. Time code fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ibùgbé: 10:04:37:12 túmọ̀ sí wákàtí 10, ìṣẹ́jú 4, ìṣẹ́jú-àáyá 37, àti ẹyọ àwòrán 12. Ó tẹ́ mi lọ́rùn láti ronú sí i pé bí àwọ̀ tilẹ̀ ya ilẹ̀ méjèèjì nípa, nítorí pé SECAM ti àwọn ará Faransé ni Saudi yàn, nígbà tí àwa yan PAL, tí téèpù tí a gbà lọ́wọ́ wọn fi lè hàn ní funfun àti dúdú lójú ẹ̀rọ tiwa bí a kò bá yí i padà, síbẹ̀ iye ẹyọ àwòrán bá ara mu, nọ́ńbà náà sì bá ara mu. Ẹni tí ó wà ní Jẹ́dà àti ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn lè pe ẹyọ àwòrán kan ní orúkọ kan náà lórí tẹlifóònù, láìsí àríyànjiyàn.

A tún lè mú kí nọ́ńbà yìí bá aago ọwọ́ rìn, kí kámẹ́rà tí ó wà ní Mínà, èyí tí ó wà ní ẹsẹ̀ Òkè Àánú ní Àráfà àti èyí tí ó wà ní òrùlé Mọ́sálásí Ńlá jọ máa ka aago kan ṣoṣo. Bí ẹ́dítọ̀ bá wá gba téèpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́, kò nílò láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni èyí tí ó ṣáájú: téèpù fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí.

Ohun kan wà tí ẹni tí kò bá jókòó nídìí ẹ̀rọ adarí kò lè mọ̀. Àwọn tí ń yí Kaaba ká, apá òsì wọn ni wọ́n ń kọ sí i, ìgbà méje ni wọ́n ń yí i, ọwọ́ kan náà ni wọ́n sì ń gbà láti ayé Ànábì wá títí di òní, ní ọ̀sán àti ní òru. Ṣùgbọ́n bí ẹ́dítọ̀ bá yí àwo ìṣàkóso rẹ̀ sódì láti wá ibi tí ó ti kọjá, gbogbo ọ̀pọ̀ ènìyàn yẹn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn yí ilé Ọlọ́run ká, omi Zamzam yóò máa ti ẹnu padà sínú ife, òkò tí a sọ lu òpó Jamarat yóò máa fò padà sọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ọ́. Nínú yàrá títì, èyí kò burú, ìwákiri ni. Ṣùgbọ́n ó fi irú agbára tí ó wà ní ìka ọwọ́ kan hàn ní kedere. Ẹ́dítọ̀ tí ó bá mọ̀ pé òun lè yí ìjọsìn padà sẹ́yìn, tí ó sì rí i dájú pé kò sí irú rẹ̀ tí ó jáde láti ọ̀dọ̀ òun lọ sójú ayé, tí kò sì fi Sa'yi láàárín Safa àti Marwa ṣáájú yíyí Kaaba ká nítorí pé àwòrán rẹ̀ dùn ún wò, ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń jọ́sìn lọ́nà tirẹ̀.

Ti ohùn tún ṣòro ju ti àwòrán lọ. Lórí ẹ̀rọ adarí, bọ́tìnnì àwòrán dá wà, ti ohùn kìíní dá wà, ti ohùn kejì náà sì dá wà. Ẹ́dítọ̀ lè jẹ́ kí ohùn máa bá a lọ nígbà tí àwòrán ti yí padà. Àǹfààní ńlá ni èyí nígbà tí Lèmọ́mù bá ń ké Àlùkùráànì tí a sì fẹ́ fi ojú àwọn tí ń gbọ́ hàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó lọ sí ilé kéwú ni ó mọ̀ pé àwọn tí ń ké Àlùkùráànì ní òfin ibi tí ènìyàn lè dánu dúró sí àti ibi tí kò gbọdọ̀ dánu dúró sí. Nínú Súrà al-Mā'ūn, ibì kan wà tí ẹni tí ó bá dánu dúró níbẹ̀ láìparí ọ̀rọ̀ yóò sọ ìkìlọ̀ fún àwọn tí kò náání ìrun wọn di ègún fún gbogbo ẹni tí ń kírun. Ẹ́dítọ̀ tí kò gbọ́ Lárúbáwá, tí ó ń wo aago nìkan, tí ó gé ohùn nítorí pé ìṣẹ́jú ètò rẹ̀ ti pé, lè ṣe irú aburú yìí láìmọ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá ẹni tí yóò to àwòrán Hájì, kì í ṣe ẹni tí ó mọ bọ́tìnnì nìkan ni ó yẹ kí a wá. Ẹni tí ó jókòó rí lórí ẹní ní iwájú Ààfáà wúlò fún iṣẹ́ yẹn ju ẹni tí ó kàn yára lọ.

Ìṣòro mìíràn tún wà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lónìí kò lè gbàgbọ́ bí a bá sọ fún wọn. Iṣẹ́ téèpù, bí ó ti ń lọ ni ó ń lọ. Kí iṣẹ́ tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti fi òkùnkùn gbogbo àti àmì ìkà kún téèpù tí a fẹ́ tò ó sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, téèpù wákàtí kan sì ń gba wákàtí kan gbáko. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá to àwòrán kìíní, tí a ó to èkejì lé e, títí ètò yóò fi pé. Bí a bá ti wá to ìṣẹ́jú 28, tí ọ̀gá wọlé tí ó ní kí a yọ ìṣẹ́jú-àáyá 10 kúrò ní ìṣẹ́jú karùn-ún, kò sí ọ̀nà tí ohun tí ó kù yóò fi sún mọ́ra wọn. Yálà kí a tún gbogbo rẹ̀ tò láti ibẹ̀ lọ, tàbí kí a da ohun tí ó kù kọ sórí téèpù mìíràn, kí a sì gbà pé ẹ̀dà ẹ̀dà ni, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò ti ṣá, tí ojú àwòrán yóò sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Mo gbà pé ìnira yìí kọ́ àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà ní ohun kan tí ìrọ̀rùn òde òní kò lè kọ́ni: wọ́n ń ronú kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì, wọ́n ń wo gbogbo téèpù tán, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ sórí ìwé, wọ́n sì ń mọ òpin ètò kí wọ́n tó fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Ìwé tí wọ́n ń kọ yẹn, tí ẹ̀rọ adarí ńlá fúnra rẹ̀ lè tẹ̀ jáde, EDL ni orúkọ rẹ̀: àkójọ gbogbo ìpinnu ẹ́dítọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan sọ téèpù tí a ti mú àwòrán, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lórí téèpù náà àti ibi tí ó parí sí, àti ibi tí a tò ó sí nínú iṣẹ́ tí ó ti pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka ìwé yìí sí, wọ́n ń sọ ọ́ nù bí iṣẹ́ bá ti parí. Àṣìṣe ńlá ni. Nígbà tí a bá ti to àwòrán sórí téèpù tuntun, nọ́ńbà téèpù tuntun ni ó ń tẹ̀ lé. Aago Àráfà tí ó wà lára téèpù àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. EDL nìkan ni ó lè sọ fún wa pé àwòrán tí ó ṣáájú nínú ètò ni ó ṣáájú ní ti òtítọ́, tàbí pé ó kẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tí èyí lè já sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1987, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́kà láàárín àwọn ará Iran tí ń ṣe ìwọ́de àti àwọn agbófinró Saudi. Ìjọba Saudi kéde pé ènìyàn 402 ni ó kú, pé 275 nínú wọn jẹ́ ará Iran. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Saudi fi àwòrán ọjọ́ náà hàn láti fi ti ọ̀rọ̀ ìjọba wọn lẹ́yìn. Ìjọba Iran kò gbà, wọ́n ní àwọn èèyàn tiwọn ni a kọlù. Kì í ṣe tèmi láti dá ẹjọ́ tí ìjọba méjì kò lè dá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìbéèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ na ọwọ́, ìbéèrè ètò ni, ìbéèrè ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé e, ìbéèrè ètò sì ni ìbéèrè tí téèpù tí a ti tò kò lè dáhùn fúnra rẹ̀, bí ó ti wù kí àwòrán inú rẹ̀ ṣe kedere tó. Téèpù àkọ́kọ́ tí ó ní aago lára, àti ìwé àkójọ tí ó so ó mọ́ èyí tí a fi hàn, ni ẹlẹ́rìí. Àìmọye ẹ̀mí ni ó lè rọ̀ mọ́ nọ́ńbà mẹ́rin.

Ojú ọjọ́ Jẹ́dà náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ téèpù. Etí òkun ni ìlú náà wà, ooru rẹ̀ pọ̀, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ pẹ̀lú, Hájì kì í sì í dúró sí ìgbà kan nínú ọdún: nǹkan bí ọjọ́ 11 ni ó fi ń tètè dé sí i lọ́dọọdún, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bọ́ sí àárín ìgbà ooru ní ìparí àwọn ọdún 1980. Bí a bá gbé ẹ̀rọ láti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti sọ di tútù jáde sínú ooru yẹn, ìrì yóò sẹ̀ sára irin inú rẹ̀, téèpù yóò lẹ̀ mọ́ ìlù tí ń ka àwòrán, yóò sì ya. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà mọ èyí, wọ́n fi iná kékeré kan síbẹ̀ tí a kọ DEW sí. Bí ó bá ti tàn, ẹ̀rọ kò ní gba àṣẹ, ẹ̀rọ adarí lè máa pè é títí, kò ní dá a lóhùn. Ohun tí ó kù fún ẹ́dítọ̀ ni kí ó fi ọwọ́ lẹ́rán, kí ó dúró títí irin yóò fi gbẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò ìròyìn ń wọlé bọ̀.

Betacam dé ní ọdún 1982, Betacam SP tẹ̀lé e ní 1986. Nígbà tí ó fi máa di ìgbà yìí, okùn alábẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án tí Sony fi ń so ẹ̀rọ pọ̀, èyí tí ń gbé àmì òdo àti oókan 38,400 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti di èdè tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé iṣẹ́ ń sọ, tí ẹ̀rọ adarí ti ilé iṣẹ́ kan fi lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n tilẹ̀ wá fi ìṣàkóso sínú ẹ̀rọ agbàwòrán fúnra rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ní BVW-75 méjì àti okùn kan lè ṣe iṣẹ́ láìsí ẹ̀rọ adarí rárá. Ní ọdún 1989 ni Avid fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ han ayé, tí a fi lè fa àwòrán síbí síbẹ̀ láìtún ohun kankan tò. Láti ìgbà náà ni oòrùn ẹ̀rọ adarí ti ń lọ wọ̀. Lónìí, àwòrán Mẹ́kà ń jáde ní wákàtí mẹ́rìnlélógún lójúmọ́ láìdúró, ọmọdé sì lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ to Hájì tirẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú kí ó tó balẹ̀ sí Èkó.

Àwọn téèpù ìgbà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ni kò sí mọ́. Téèpù wọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ kárí ayé, àní BBC pàápàá, sì nu iṣẹ́ tí kò ṣeé rà padà kúrò lórí wọn kí wọ́n lè rí àyè gba òmíràn. Èyí tí ó ṣẹ́ kù ń kú lọ nínú àpótí: gọ́ọ̀mù tí ó di lẹ́búlẹ́bú irin mú mọ́ ara téèpù ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, yóò sì rọ̀, yóò wá máa lẹ̀ mọ́ ohun tí ó bá fara kàn. Ní ọdún 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán tí a ń pè ní IASA fọn fèrè pé nǹkan bí ọdún 2025 ni àwọn amòye gbà pé kíka téèpù yóò ti ṣòro gan-an, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń kà á, irin àpààrọ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń tán lọ. Ibi yìí ni ẹ̀rọ adarí ti padà di ohun tí a ń wá. Kọ̀ǹpútà tí ń kó téèpù àtijọ́ sínú ara rẹ̀, èdè okùn alábẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án yẹn náà ni ó fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Time code náà ni ó fi ń mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé EDL tí a kọ lọ́nà CMX 3600, bí ó bá wà níbẹ̀, ni ó fi ń tún iṣẹ́ tí ẹ́dítọ̀ ti ṣe ní ogójì ọdún sẹ́yìn kọ́ láti orí téèpù àkọ́kọ́, tí àwọ̀ yóò fi mọ́ ju bí a ti rí i nígbà náà lọ.

Ọ̀pọ̀ ilé Àláájì àti Àláájà ní ilẹ̀ wa ni kásẹ́ẹ̀tì Hájì wà lórí àjà tàbí lábẹ́ ibùsùn, nínú èyí tí baba tàbí ìyá tí ó ti lọ sí ọ̀run wà láàyè fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n má ṣe ki kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ nínú eruku láti wò ó bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀kan yẹn lè jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀. Kí wọ́n nà án dúró lóòró nínú àpò rẹ̀, ní ibi tí ó gbẹ tí ó sì tutù, kí ó jìnnà sí ẹ̀rọ agbọ́hùnsókè nítorí irin òòfà inú rẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a ti fọ̀, tí ó sì mọ bí a ti ń dà á sínú kọ̀ǹpútà. Bí ìwé kankan bá wà nínú páálí náà pẹ̀lú rẹ̀, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí kò sì yé wọn, kí wọ́n má ṣe jù ú nù. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú àwòrán àti ọdún tí ó lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì fi í sínú páálí náà padà.